Ọkọ̀ kan, epo kan, ìṣírò méjì: níbo ni júùlù 100,000 wọlé sí?

BàbáÌtùnú kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti àná ni èmi àti ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ti ń fa ọ̀rọ̀ kan tí kò tán. Ó dé orí kinetic energy nínú ìwé físíìsì rẹ̀, ìyẹn agbára tó wà lára nǹkan nítorí pé ó ń rìn. Agbára ìrìn ni n ó máa pè é níbí. Ìṣírò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi ìwọ̀n nǹkan náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá mú ìdajì rẹ̀.

Mọ́tò wa ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ká gbà pé kílò 1,000 ni, pé a wà lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, à ń sá mítà 10 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, mo wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di mítà 20. Lójú ẹni tó dúró létí títì, agbára ìrìn wa kúrò ní júùlù 50,000 (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára), ó di 200,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ 150,000. Ìyá rẹ̀ wà nínú mọ́tò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mítà 10 lòun ń sá, kò fi kún un, kò sì dín in kù. Lójú tirẹ̀, ṣe la kọ́kọ́ dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, a wá ń fi òun sílẹ̀ lọ títí ìyára wa fi di mítà 10. Èlé tí òun rí kò ju 50,000 lọ.

Ọmọ náà wá bi mí pé: "Bàbá mi, epo tó jó nínú ẹ́ńjìnnì, ṣé 150,000 ló fún wa ni, àbí 50,000? Epo ò kúkú mọ ẹni tó ń wò ó." Mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Tíṣà_Físíìsì kọ:

BàbáÌtùnú, ọmọ yín ti béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kọjá láì wò. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná: nọ́ńbà méjèèjì ló tọ̀nà. Ojú ò tan ẹnì kankan jẹ nínú wọn.

Agbára ìrìn kò dà bí epo inú táńkì tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀pá wọ̀n kó sì bá iye kan náà. Ẹ jẹ́ ká wọ reluwé Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ gbé ìgò omi tó wúwo tó kílò kan ka orí tábìlì iwájú yín. Reluwé ń sá, ìgò náà dúró jẹ́ẹ́ níwájú yín, omi inú rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ ni. Lójú yín, agbára ìrìn rẹ̀ jẹ́ òfo. Àmọ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rí ìgò kan náà tó ń fò kọjá ní mítà 30 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Lójú tirẹ̀, júùlù 450 wà lára rẹ̀. Galileo ti kọ irú èyí sílẹ̀ lọ́dún 1632 nípa yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi: bí ọkọ̀ bá ń lọ geere tí kò yà tí kò sì gbọn, omi tó ń kán láti inú ìgò àti labalábá tó ń fò nínú yàrá náà kò ní yàtọ̀ sí ìgbà tí ọkọ̀ dúró.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ iye agbára ìrìn, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó dúró sí tó fi ń wò ó. Ti epo tí ọmọ yín béèrè, ó kù, n ó padà wá síbẹ̀.

Awakọ̀_Márosẹ̀ kọ:

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ èyí kò wọ̀ mí létí. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń wakọ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ ló rí òótọ́, nítorí ilẹ̀ ò rìn. Ẹ wo kọ̀ńdọ́kítọ̀ dáńfó. Nígbà tó di ilẹ̀kùn mú, ó rò pé òun dúró jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó fò sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ò tíì dúró. Bí kò bá kọjú síwájú, kó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin tẹ̀ lé ọkọ̀, ilẹ̀ á gbé e ṣánlẹ̀. Agbára yẹn ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó rí i o, kò rí i o. Ilẹ̀ ló ń fi hàn án.

Tíṣà_Físíìsì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, àpẹẹrẹ yín dára gan-an, n ó máa lò ó ní kíláàsì. Ẹ ṣáà jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ohun tó gbé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣánlẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyára rẹ̀ àti ti ilẹ̀. Tó bá fò sínú ọkọ̀ mìíràn tó ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìyára kan náà, wẹ́rẹ́ báyìí ni yóò bọ́ síbẹ̀, bí ẹni bọ́ sínú yàrá kejì.

Ti pé ilẹ̀ ò rìn, ilẹ̀ ń rìn, Ẹ̀gbọ́n. Ayé wa ń yí oòrùn po ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ gbé òkúta kílò kan kalẹ̀ nínú àgbàlá yín. Lójú yín, òfo ni agbára ìrìn rẹ̀. Lójú ẹni tó bá dúró sọ́dọ̀ oòrùn, ìyára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1,000 ti ìgò inú reluwé yẹn, agbára ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù kan: júùlù mílíọ̀nù 450. Lítà bẹntiróòlù kan kò fúnni ju bíi mílíọ̀nù 32 lọ nígbà tó bá jó tán. Agbára lítà 14 rèé lára òkúta àgbàlá, síbẹ̀ ẹ ò lè fi gbé omi kaná, nítorí ìkòkò, ààrò àti ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ jọ ń sá eré kan náà.

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Manchester kọ:

Ẹ kú àgbà o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe níhìn-ín, ọ̀rọ̀ epo ọmọ BàbáÌtùnú sì wù mí púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ooru inú ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà sílẹ̀ ná, ká wo ohun tó dé táyà nìkan.

Ohun tí gbogbo wa gbàgbé ni títì. Ọkọ̀ kò lè sáré sí i fúnra rẹ̀. Táyà ń ti títì sẹ́yìn, títì ń ti ọkọ̀ síwájú. Méjì ni wọ́n nínú iṣẹ́ yìí, a sì kọ orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo sínú ìwé.

Ká sọ pé sẹ́kọ́ǹdù 5 ni ó gba BàbáÌtùnú láti kúrò ní mítà 10 dé 20, tó sì lọ déédéé. Ìtì tí táyà ń ti títì yóò jẹ́ níútìnì 2,000 (níútìnì ni wọ́n fi ń wọn ìtì), iye kan náà ni títì fi ń ti ọkọ̀. Ibikíbi tí èèyàn bá dúró sí, 2,000 yìí ni yóò bá. Tí nǹkan kan bá ti òmíràn, iye agbára tó fún un ni ìtì náà lọ́nà bí ohun tí wọ́n tì ṣe rìn jìnnà tó.

Ẹ wò ó láti etí títì. Láàárín sẹ́kọ́ǹdù 5 yẹn, ọkọ̀ rin mítà 75. 2,000 lọ́nà 75 jẹ́ 150,000. Títì kò rìn rárá, nítorí náà kò gba nǹkan kan. Àpapọ̀ jẹ́ 150,000.

Ẹ wá wọ inú ọkọ̀ ìyá Ìtùnú. Lójú tiwọn, mítà 25 péré ni ọkọ̀ BàbáÌtùnú fi síwájú wọn. 2,000 lọ́nà 25 jẹ́ 50,000. Ṣùgbọ́n lójú tiwọn títì ń sá sẹ́yìn, bí igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe máa ń sá sẹ́yìn lójú ọmọdé tó fi imú kan gíláàsì. Ní sẹ́kọ́ǹdù 5, títì ti sá sẹ́yìn mítà 50. Sẹ́yìn náà ni táyà ń tì í. Nítorí náà táyà ń ṣiṣẹ́ fún títì: 2,000 lọ́nà 50, júùlù 100,000. Ẹ ro 50,000 ti ọkọ̀ pọ̀ mọ́ 100,000 ti títì.

150,000 ni. Epo kan náà ni.

Awakọ̀_Márosẹ̀ kọ:

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ̀ lé e títí dé ibi títì. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, títì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ni gbogbo ayé. Ṣé táyà mọ́tò kékeré lè sọ pé òun fún gbogbo ayé ní agbára ìrìn? Ayé ò tiẹ̀ ní gbúròó rẹ̀.

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Manchester kọ:

Ìbéèrè yìí dára, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni, ayé ò ní gbúròó rẹ̀ tán. Ìwọ̀n ayé jẹ́ nǹkan bíi kílò 6 tí òdo 24 tẹ̀ lé. Ìyípadà tí ọkọ̀ yẹn mú bá ìyára ayé kéré débi pé lẹ́yìn àmì dẹ́símà ẹ ó kọ òdo 20 kí ẹ tó kan 17. Mítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan nìyẹn o. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n.

Ibi tó ti di nǹkan ni pé ìyára ni a fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nínú ìṣírò wa. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà. Ẹni tó ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, kí ló rà? Àpótí ìjókòó kan ló lè gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ilẹ̀ 1,000 níbùú àti 1,000 lóròó, tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo kún ìbú àti òòró rẹ̀, ó di 1,001 lọ́nà 1,001. Ẹ ṣírò rẹ̀: ilẹ̀ tó wọlé fún un jẹ́ 2,001. Ẹsẹ̀ bàtà kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe rí nìyẹn. Lójú ẹni tó dúró létí títì, ayé kò ní ìyára kankan tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìyípadà bíńtín yẹn dà bí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan, ká sọ ọ́ nù. Lójú ìyá Ìtùnú, ayé ti ní mítà 10 sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ẹ wá fi bíńtín náà sọ mítà 10 yẹn di púpọ̀, kí ẹ tún fi ìwọ̀n gbogbo ayé sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di júùlù 100,000.

Tíṣà_Físíìsì kọ:

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un wá sórí ohun tí ẹ ti fọwọ́ kàn. Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè rí, tí bíréèkì ń rùn, tí ẹ da omi sí ríìmù tó sì ń hó ṣáá?

Awakọ̀_Márosẹ̀ kọ:

Àìmọye ìgbà. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ní àpá rẹ̀. Èmi fúnra mi ló ṣì fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́.

Tíṣà_Físíìsì kọ:

Ẹ kú ewu. Ẹ mú ọkọ̀ kílò 1,000 yẹn kan náà, kó wá láti mítà 20, kí ẹ tẹ bíréèkì kó di 10. Lójú ẹni etí títì, 150,000 bọ́ lára ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ sì di ooru. Lójú ìyá Ìtùnú tó ń sá mítà 10, ọkọ̀ pàdánù 50,000 péré. Ṣé kí a sọ pé bíréèkì gbóná díẹ̀ lójú tiwọn ni? Rárá o. Ọwọ́ tó bó lójú ẹni kan, ó bó lójú gbogbo ayé ni. Táyà ń fa títì síwájú nígbà tí bíréèkì dì í mú, títì tó ń sá sẹ́yìn lójú tiwọn sì pàdánù 100,000. Ooru tó wọ bíréèkì jẹ́ 150,000 lójú gbogbo wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ BàbáÌtùnú dì mú nìyí. Agbára ìrìn nǹkan kan ṣoṣo lè yàtọ̀ láti ojú kan sí ojú kejì, kò burú. Ooru, epo tó jó, irin tó rún, wọn kì í yàtọ̀. Bí àwọn nǹkan tó ń ti ara wọn bá jẹ́ méjì, kí a ka méjèèjì. Tí a bá ka ọ̀kan, nọ́ńbà á máa bá ara wọn jà.

Awakọ̀_Márosẹ̀ kọ:

Ó wọ̀ mí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé bí ọkọ̀ méjì bá forí sọra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi 144 kọlu ògiri. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Manchester kọ:

Ọ̀pọ̀ ló gbà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kìlómítà 72 ní wákàtí jẹ́ mítà 20 ní sẹ́kọ́ǹdù. Ọkọ̀ méjì tó dọ́gba, kílò 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: 200,000 lára ti ibí, 200,000 lára ti ọ̀hún. Wọ́n kọlu ara wọn, wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n dúró. Júùlù 400,000 ló fi irin wọn rún, méjèèjì sì pín in. 200,000 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 72 kọlu ògiri tí kò yẹ̀ ni.

Ibi tí 144 ti wá ni pé wọ́n jókòó sínú ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà wò ó. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ kejì ń bọ̀ ní mítà 40, agbára ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ 800,000. Nọ́ńbà yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló fi irin rún. Láti ojú kan náà yẹn, ègé ọkọ̀ méjèèjì tó lẹ̀ pọ̀ ṣì ń sá lọ ní mítà 20 lẹ́yìn ìkọlù, 400,000 ṣì wà lára wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 800,000. Ó ku 400,000.

Bí wọn ò bá dọ́gba ni ẹ̀rù wà. Tírélà kílò 30,000 àti mọ́tò kílò 1,000, 72 sí 72. Tí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀, tírélà á ṣì máa ti mọ́tò náà lọ ní nǹkan bíi mítà 18.7 ní sẹ́kọ́ǹdù. Ìyára tírélà kò yí padà ju kìlómítà 5 ní wákàtí lọ. Ti mọ́tò kékeré yí padà tó kìlómítà 139. Ìyàtọ̀ ìyára yìí, ibi yòówù kí ẹ dúró sí, iye kan náà lẹ ó bá, òun ló sì ń ṣe ara èèyàn léṣe.

Awakọ̀_Márosẹ̀ kọ:

139. Mo ti dé ibi irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ rí. Awakọ̀ tírélà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. N ò ní sọ ìyókù.

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀ kọ:

Ẹ forí jì mí, mo wọlé pẹ́. Ìṣírò yìí kan náà ló wà lẹ́yìn CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Geneva. Ẹ̀rọ LHC wọn ń jẹ́ kí prótọ́ọ̀nù, ègé bíńtín inú átọ́ọ̀mù, kọlu prótọ́ọ̀nù láti iwájú sí iwájú. Láti 2022, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé agbára TeV 6.8 bọ̀ (TeV ni wọ́n fi ń wọn agbára irú nǹkan bíńtín bẹ́ẹ̀), 13.6 ló sì wà nílẹ̀ láti fi ṣẹ̀dá nǹkan tuntun. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan lu èyí tó dúró sójú kan, ohun tó kù fún iṣẹ́ kò ní tó ìdá kan nínú 100 ti 13.6 yẹn, nítorí ìyókù á máa gbé ègé wọn sá lọ síwájú. Ní ìyára bẹ́ẹ̀, ìṣírò ìdajì tí a ń lò níbí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ti Einstein ni wọ́n ń lò, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ kò yàtọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Voyager 2, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní èèyàn nínú, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ayé mìíràn tó ń yí oòrùn po ní 20 Oṣù Kẹjọ 1977. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter, èyí tó tóbi jù nínú wọn, ní Oṣù Keje 1979. Lójú ẹni tó bá dúró lórí Jupiter, eré tó bá wọlé ló bá jáde, ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló yà. Lójú ẹni tó wà lọ́dọ̀ oòrùn, ó jáde pẹ̀lú eré tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dà bí èyí: ẹ ju bọ́ọ̀lù rọ́bà ní mítà 10 lu iwájú lọ́rì tó ń bọ̀ ní mítà 20. Lójú awakọ̀ lọ́rì, bọ́ọ̀lù wá ní 30, ó padà ní 30. Lójú ẹ̀yin tó wà nílẹ̀, ó padà wá bá yín ní 50. Ara lọ́rì ló ti mú un, lọ́rì sì pàdánù díẹ̀. Jupiter náà pàdánù díẹ̀, ìwọ̀n tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Báyìí ni Voyager 2 ṣe dé Saturn ní 1981, Uranus ní 1986, Neptune ní 1989.

BàbáÌtùnú kọ:

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ náà létí lálẹ́ àná. Kò sùn bọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ló gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò, pẹ́ńsù ṣì wà létí rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣe ti mítà 20 sí 30. Lójú ẹni etí títì, èlé rẹ̀ jẹ́ 250,000. Lójú ẹni tó ń sá mítà 20, ọkọ̀ gba 50,000, títì gba 200,000. Ó bára mu.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe èyí tí mi ò lérò. Ó padà sí ti 10 sí 20, ó ní kí màmá òun máa sá mítà 15. Lójú wọn, a kọ́kọ́ ń rẹ̀yìn ní mítà 5, nígbà tó yá a ń fi mítà 5 síwájú wọn. Júùlù 12,500 ṣáájú, 12,500 lẹ́yìn. Ọkọ̀ kò jèrè ẹyọ júùlù kan. Ó ní: "Bàbá mi, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, epo jó, ọkọ̀ ò gba nǹkan kan." Mo ní ta ló wá gbà á. Ó yí ìwé náà sí mi: títì sá sẹ́yìn mítà 75, lọ́nà 2,000. 150,000, gbogbo rẹ̀ pátá ló wọ ilẹ̀ lọ.